Ihò gbà á, ṣùgbọ́n kò fọhùn: ohun tí ojú mi rí lórí kíbọ́ọ̀dù Amiga 2000

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n ró tèmi, kí ẹlòmíràn náà wá ró tirẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé àbúrò màmá mi ní Peckham ni mo ti ń lo òpin ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà Amiga kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn àfi tí a bá ti fọ abọ́ tán. Ó wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà pé màá ní tèmi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí Amiga 2000 kan rà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Commodore gbé jáde ní 1987, ràgàjì bí àpótí ìyàwó. Ẹni tó tà á fún mi ní ohun gbogbo ló pé. Ó pé lóòótọ́, àfi kíbọ́ọ̀dù!

(Kí n tó tan iná sí i rárá, mo gé bátìrì orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi èyí falẹ̀ o. Ó máa ń ṣomi, omi náà a sì jẹ gbogbo ojú bàbà tó yí i ká.)

Kíbọ́ọ̀dù tó bá a wá gan-an wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá sì ní in lọ́wọ́, owó gọbọi ni yóò pè. Mo wo ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀: ihò róbótó, ojú wẹ́wẹ́ márùn-ún. Mo ní, ṣebí irú èyí náà ni ti kọ̀ǹpútà IBM ayé àtijọ́? Mo rí ọ̀kan ní ọjà àlòkù, mo kì í bọ ihò, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo tan iná, gílóòbù kéékèèké mẹ́ta orí kíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn. Mo tẹ A. Mo tẹ B. Nígbà tó yá mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń lu àgídìgbo. Amiga kàn ń wò mí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé mi. Ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì bára mu, iná volt 5, áàtì (wáyà ilẹ̀), dátà (tó ń gbé ọ̀rọ̀) àti kílọ́ọ̀kì (tó ń dá ìgbà fún un) wà ní ipò kan náà, ìyẹn ni nǹkan kan kò fi jó. Èdè ni kò bára mu. Bíìtì (àmì òdo tàbí ení) 11 ni ti IBM máa ń tò léra kó tó rán ọ̀rọ̀ kan, 8 péré ni ti Amiga. Kíbọ́ọ̀dù Amiga tún lẹ́mìí ìkíni: tó bá rán ọ̀rọ̀ tán, ó ń retí kí kọ̀ǹpútà fa wáyà dátà wálẹ̀ láti dá a lóhùn. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kò ní tẹ̀ síwájú.

Mo wá ra bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀, PS/2 (irú ihò kíbọ́ọ̀dù IBM tó wà kí USB tó gbòde) lápá kan, Amiga lápá kejì. Mo mú kíbọ́ọ̀dù USB mi tuntun, mo fi ẹnu aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún pọ́n-ùn méjì sí i. Kò ṣiṣẹ́. Wáyà lásán ló wà nínú ẹnu yẹn, kò túmọ̀ ohunkóhun. Kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè PS/2, ọ̀pọ̀ àwọn tuntun kò sì gbọ́ ọ mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ mi ló gbà mí níkẹyìn. Ó fọhùn! Ìgbà tí mo fẹ́ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ni mo rántí pé Ctrl àti bọ́tìnnì Amiga méjèèjì ni à ń tẹ̀ pọ̀. Bọ́tìnnì Windows kan ṣoṣo, tó dúró fún ti Amiga, ló sì wà lórí tèmi, lápá òsì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ògbufọ̀ mi ka bọ́tìnnì Menu sí Amiga ọ̀tún. Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ wo apá ọ̀tún rẹ̀ dáadáa.

*

Láti Manchester: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Kọ̀ǹpútà ZX Spectrum ni tèmi, oníbọ́tìnnì rọ́bà 40. Ọ̀rá tó gbé wáyà bọ́tìnnì nínú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ló máa ń gan tí ọjọ́ bá gun orí ẹ̀, mo fà á díẹ̀ báyìí, ó ṣẹ́. Mo kọ́kọ́ so kíbọ́ọ̀dù USB mọ́ ọn. Ó ń tẹ̀ o, ṣùgbọ́n lórí Spectrum, J lásán ni odidi àṣẹ LOAD, P ni PRINT, Symbol Shift pẹ̀lú P sì ni àmì àyọlò. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sórí kíbọ́ọ̀dù òde òní. Mo ń fi ìwé lẹ ara bọ́tìnnì bí ẹni ń lẹ pátákó ìdìbò. Ó sú mi, mo ra ọ̀rá tuntun, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ìrù méjì ló ní, oníwáyà 5 àti oníwáyà 8. Ẹ rọra kì í bọlé.

*

Láti Houston: Bọ̀ọ̀dá mi, ti kọ̀ǹpútà Commodore 64 (C64) kò ní èdè rárá. Wáyà 8 lóòró, 8 ní ìbú, bọ́tìnnì kàn ń so ọ̀kan mọ́ ọ̀kan ni. Ìyẹn jẹ́ 64. Shift Lock tó ń di Shift òsì mú, àti RESTORE tó ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ló sọ ọ́ di 66. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ṣíìpù MT8808 so àwọn wáyà náà pọ̀ bí ẹni pé ìka ló tẹ̀ wọ́n. Ibi tí mo ti lagùn ni bọ́tìnnì olọ́fà: méjì ni C64 ní, mẹ́rin ni tòde òní, nítorí náà òkè àti òsì gbọ́dọ̀ fi Shift kún ara wọn. Bí lẹ́tà bá sì ń jáde fúnra rẹ̀, ẹ yọ joystick (ọ̀pá tí a fi ń ta géèmù) kúrò ní ihò kìíní kí ẹ tó bú ṣíìpù. Wáyà kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

*

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àwòrán wáyà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Àbúrò màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé C64 àwọn ṣì wà lókè àjà ní Peckham. Mo bi wọ́n bóyá kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé. Wọ́n ní ohun gbogbo ló pé.