Ìrírí mi nígbà tí a pa èsì òǹkà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláìsàn

Nínú gbogbo àtúnyẹ̀wò ìwádìí ìlera (ìyẹn kíkó èsì àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò) tí mo ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe, èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni èyí tí a ti ní láti pa oríṣi èsì méjì pọ̀. Oríṣi kìíní jẹ́ òǹkà, láti inú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣẹ́ gègé láti pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ kí wọ́n tó fi ọ̀wọ́ kan wé èkejì. Oríṣi kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn àti àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara wọn sọ nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, èyí tó ń rán àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru létí, máa ń mú kí wọ́n lo oògùn wọn déédéé, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe máa pa wọ́n pọ̀ ni àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́. Àjọ JBI, tó ń ṣe ìlànà fún àtúnyẹ̀wò ìwádìí ìlera, tó sì wà ní Adelaide ní Ọsirélíà, ti la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Nínú ọ̀nà kan, a máa yí òǹkà padà sí gbólóhùn, a ó sì kó o pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èkejì, a máa ṣe àtúpalẹ̀ oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí yóò fi parí, kí a tó gbé méjèèjì síwájú ara wọn. Ọ̀nà kejì ni a yàn, nítorí ìbéèrè wa ní apá méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà: ìwọ̀n ìyàtọ̀ tí àtẹ̀jíṣẹ́ mú wá jẹ́ ọ̀rọ̀ òǹkà, ṣùgbọ́n ìdí tí ènìyàn fi ń pa oògùn tì kò sí nínú òǹkà rárá. Inú mi dùn pé kò sí ẹni tó dábàá pé kí a sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di òǹkà. Pé kókó kan hàn nínú ìwádìí púpọ̀ kò fi hàn pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn, nítorí pé kì í ṣe láti kà wọ́n ni wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Irinṣẹ́ MMAT ti ọdún 2018 ni a fi yẹ bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí kọ̀ọ̀kan wò. Ìbéèrè márùn-ún ló ní fún irú ìwádìí kọ̀ọ̀kan, kò sì gbà wá níyànjú láti ro ìdáhùn pọ̀ di máàkì kan ṣoṣo. Mo fara mọ́ èyí, torí pé máàkì kan lè bo àléébù tó ṣe kókó mọ́lẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá di iṣẹ́ gan-an ni ìgbà tí a ya tábìlì ńlá kan, tí a to àwọn ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì to àwọn èsì òǹkà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan, a bi ara wa bóyá èsì méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, tàbí wọ́n bára mu díẹ̀, tàbí wọ́n ta ko ara wọn, tàbí ọ̀kan sọ̀rọ̀ tí èkejì sì dákẹ́. Òǹkà fi hàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì àwọn ìwádìí náà yàtọ̀ síra gidigidi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn wà níwájú wa sọ pé kì í ṣe ìgbàgbé ló mú wọn pa oògùn tì. Ara wọn ti yá lójú ara wọn; tàbí oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀ léraléra kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó ti iṣẹ́; tàbí owó oògùn ti tán.

Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kí a kọ ọ́ pé òǹkà ló borí, nítorí pé àwọn ìwádìí tó lo gègé lágbára jù. Mo tako èyí. Wọ́n lágbára jù lóòótọ́ láti sọ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ló fa ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bi aláìsàn kankan léèrè ìdí tó fi dẹ́kun. Ìtakora náà ló sọ ohun tí a máa ṣe tẹ̀ lé e: a padà sínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan láti wo ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ sọ gan-an. Àwọn kan kàn ń sọ pé àkókò oògùn ti tó. Àwọn mìíràn fún aláìsàn láyè láti fèsì, kí nọ́ọ̀sì sì dá a lóhùn nípa ohun tó ń dà á láàmú. Ibi tí àyè ìfèsì wà ni ìrànlọ́wọ́ náà ti hàn jù.

Àwa kọ́ la dá ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 2004, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ iṣẹ́ àwọn olùwádìí EPPI-Centre, ibùdó àtúnyẹ̀wò ìwádìí kan ní London, jáde, èyí tó pa ìwádìí ìdánwò 33 (tó dán ètò wò láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́) pọ̀ mọ́ ìwádìí 8 lórí èrò àwọn ọmọdé nípa èso àti ewébẹ̀ jíjẹ. Ohun tí àwọn ọmọ náà sọ ni wọ́n fi yẹ àwọn ìdánwò náà wò. Àwọn ọmọ kò ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó kàn wọ́n, àwọn ètò tí kò sì tẹnu mọ́ ìlera púpọ̀ ló ṣe dáadáa jù ní ti ewébẹ̀.

Nínú ìjábọ̀ tiwa, a kọ ọ́ kedere ṣá o, pé ìfiwéra láàárín ìwádìí kan àti òmíràn ni tiwa, a kò ṣẹ́ gègé láti pín àwọn aláìsàn sí irú àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì. Ohun tó yẹ kí a dán wò lọ́jọ́ iwájú ni.

Ìlà tí ẹ̀gbẹ́ kan ti dákẹ́ náà wúlò. Àwọn aláìsàn kan sọ pé ẹlòmíràn nínú ilé máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, àṣírí àìsàn wọn sì ti tú nípa bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìdánwò tí a kó jọ, kò sí èyí tó wọn irú ìpalára bẹ́ẹ̀. A fi àyè náà sílẹ̀ lófo nínú tábìlì, a sì tọ́ka sí i nínú ìjábọ̀ wa.

Nígbà tó kan ìdánilójú, ìyẹn bí a ṣe lè gbára lé èsì kọ̀ọ̀kan tó, ìlànà GRADE ni a lò fún òǹkà, ìlànà GRADE-CERQual sì ni fún ọ̀rọ̀ ẹnu. CERQual máa ń wo àléébù ọ̀nà ìwádìí, bí kókó ṣe bá ẹ̀rí tó gbé e ró mu, bóyá ẹ̀rí náà pọ̀ tó, àti bóyá ó jẹ mọ́ ìbéèrè wa. A kò da ìdíwọ̀n méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ka ìjábọ̀ náà yóò rí i pé ìdánilójú wa lórí àwọn ìdí tí àwọn aláìsàn fi ń dẹ́kun ga ju ìdánilójú wa lórí ìwọ̀n ìrànlọ́wọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ.