Iná tó ń ṣẹ́jú: èsì mi sí "ìtànkú" àti "ariwo àwòrán"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ dá lábàá fún àwa tí à ń ya fọ́tò bọ́ọ̀lù lálẹ́: "ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀" fún ohun tó ń ṣí tó ń padé nínú kámẹ́rà, "ìtànkú" fún iná pápá ìṣeré tó ń mọ́ tó ń ṣú, àti "ariwo àwòrán" fún àwọn àmì wínníwínní tó máa ń bo fọ́tò tí a bá yà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti tó. Mo dúpẹ́ pé ẹ ro tiwa mọ́ ọn, torí bí òyìnbó ṣe pè wọ́n ni àwa náà ń pè wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ bá yín jiyàn, ẹnu ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sì ni iyàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

A wà ní pápá kan nígboro Ìbàdàn níbí lálẹ́ ọjọ́ kan, a lúgọ sẹ́yìn ilé góòlù. Bí aṣọ́lé ṣe fò ni mo tẹ kámẹ́rà mọ́lẹ̀, ó ya mẹ́jọ léraléra. Ìgbà tí a wò ó, jẹ́sì aṣọ́lé funfun báláú nínú ti àkọ́kọ́, ó pọ́n bí epo nínú ìkejì, nínú ìkẹta ó ti ṣú bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró sábẹ́ igi. Aṣọ kan náà, èèyàn kan náà, kò sì tíì tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ náà wo ojú kámẹ́rà, ó gbójú sókè wo òpó iná, ó ní, "Ọ̀gá, iná yìí ń ṣẹ́jú ni o." Èmi náà gbójú sókè, iná dúró gbọin lójú tèmi.

Òótọ́ ló sọ. Ìgbà 50 ni iná mànàmáná tiwa ń yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan ìmọ́lẹ̀ á rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ìgbà 100. Ojú èèyàn kò lè bá a. Ṣùgbọ́n 1/1000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ni à ń fi kámẹ́rà sí kí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù má baà di méjì-mẹ́ta nínú fọ́tò. Ìyẹn ni pé nígbà tí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni kámẹ́rà rí. Bó bá bọ́ sí ìgbà tí iná lajú, fọ́tò á mọ́. Bó bá bọ́ sí ìgbà tó fẹ́ẹ̀ padé, á ṣú, àwọ̀ á sì yí. Ẹni tó bá fi sí 1/100 á rí gbogbo rẹ̀ délẹ̀, àwọ̀ á gún régé, àmọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré á fà gbọọrọ bí ọ̀já.

"Kú" tó wà nínú "ìtànkú" ni kò jẹ́ kí n gbà á. Iná tó ń ṣẹ́jú kò kú. Gílóòbù ńláńlá tó pọ̀ lórí òpó pápá ìṣeré, èyí tí wọ́n ń pè ní metal halide, bó bá kú lóòótọ́, kì í tàn padà lójú ẹsẹ̀ bíi tilé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ṣojú mi rí. Jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́, wọ́n tan án padà kíá, síbẹ̀ òkùnkùn ni gbogbo wa wà, àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sórí koríko, aṣọ́lé kan ń na ẹsẹ̀, à ń wo òpó lókè. Ìyẹn ni iná tó kú. Bí mo bá sọ fún oníná pé iná rẹ̀ ń tàn ó ń kú, wáyà tó já ni yóò gun òpó lọ wá. Bí mo bá ní ó ń ṣẹ́jú, ó lè mọ̀ pé féèsì ni òun máa lọ yẹ̀ wò, torí gílóòbù tí wọ́n bá pín sórí féèsì mẹ́ta kì í ṣẹ́jú pọ̀: bí tibí ṣe ń padé ni tọ̀hún ń là.

Ẹnì kan ti sọ pé ìṣẹ́jú ti di orúkọ àkókò, pé yóò da èèyàn rú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lò ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe: iná ń ṣẹ́jú, kámẹ́rà ṣẹ́jú. Ara ojú náà ni a ti mú àkókò wá tẹ́lẹ̀. Bí ìyá mi bá ní "ká tó ṣẹ́jú pẹ́, o ti jáde", kò sẹ́ni tó ń wo aago.

Tí ẹ bá gbà pé ojú ni ká fi kámẹ́rà wé, ẹ ó rí i pé ìyókù ti wà nílẹ̀ fún wa. Ohun tó ń ṣí tó ń padé ni ìpéǹpéjú. Ìlẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìpéǹpéjú kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò inú lẹ́ǹsì tó ń fẹ̀ tó ń kéré ni ọmọlójú. Ọmọlójú èèyàn ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń ṣí ti kámẹ́rà gbayawu lálẹ́, dé ibi tí wọ́n kọ f/2.8 sí. Ní 2014, Canon gbé kámẹ́rà kan jáde, EOS 7D Mark II, tó ní ọgbọ́n kan nínú: á dúró de iná kó lajú tán kí òun tó ṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀" àti "ìtànkú" sọ gbólóhùn yẹn kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún.

Ti "ariwo" kò le tó bẹ́ẹ̀. Etí ló ń gbọ́ ariwo, ó sì bá rédíò mu gan-an. Nínú fọ́tò, yanrìn ni mo rí. Nígbà tí mo bá gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, dé 6400, ojú òfuurufú tó yẹ kó dúdú kirikiri á rí ṣákaṣàka bíi gàrí tí wọn kò kù dáadáa. Ẹni tó ti jẹ gàrí oníyanrìn rí kò ní béèrè ohun tí "fọ́tò yìí ní yanrìn" túmọ̀ sí.

Ẹ kọ ọ́ pé bí a bá ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan níbí, àwọn èèyàn á máa lò ó. N kò rí i bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti 2010 ni Liberty ti di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, síbẹ̀ ẹ wọ mọ́tò kí ẹ pe orúkọ méjèèjì fún dẹ́rẹ́bà, kí ẹ wo èyí tó máa tètè dáhùn sí. Pápá Lékan Sàláámì, Adámásìngbà ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu wa. "Ń ṣẹ́jú" ti wà lẹ́nu ọmọ náà kí èmi àti ẹ̀yin tó bẹ̀rẹ̀ iyàn yìí.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni orúkọ iná náà fúnra rẹ̀. Mo ti ń kọ "iná pápá", títí àgbẹ̀ kan láti apá Akínyẹlé fi bi mí pé oko ta ló jó, torí lẹ́tí tirẹ̀, iná pápá ni èyí tó ń jó koríko nígbà ọyẹ́. Mo ti yí i sí "iná òpó", àmọ́ iná òpó wà lójú títì náà. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí èyí?