Ilé ìtajà fóònù ní UK kọ̀ láti san cashback àbúrò mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ajílósùn:

Ẹ̀yin Èkìtì Kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú àjò. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá.

Nọ́ọ̀sì ni ní UK. Kó tó wálé wá bímọ sọ́dọ̀ wa níbí ní Adó, ó ti gba fóònù kan lórí kọ́ńtíráàtì olóṣù 24. Pọ́ùn 38 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ta fóònù náà fún un ṣèlérí pé àwọn yóò dá pọ́ùn 240 padà fún un, pọ́ùn 48 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Cashback ni wọ́n ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Ìlérí yẹn gan-an ló jẹ́ kó mú tiwọn, torí téèyàn bá yọ 240 kúrò nínú gbogbo owó tó máa san, pọ́ùn 28 ni fóònù náà ń bọ̀ sí lóṣù kan.

Àmọ́ owó náà kì í dédé wá. Ó gbọ́dọ̀ fi bíìlì oṣù 5, oṣù 10, oṣù 15, oṣù 20 àti oṣù 24 ránṣẹ́ sí wọn, láàárín ọjọ́ 45 tí bíìlì kọ̀ọ̀kan bá jáde. Ti oṣù 5 wọlé láìsí wàhálà. Ti oṣù 10 ni wọ́n dá padà. Wọ́n ní àdírẹ́sì orí bíìlì kò bá èyí tó fi ra fóònù mu. Manchester ló wà nígbà tó rà á, ó ti wá kó lọ sí Leeds, ó sì ti sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń yọ pọ́ùn 38 náà. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó tún gbọ́dọ̀ sọ fún ilé ìtajà.

Ó dùn mí gan-an. Iṣẹ́ alẹ́ lọmọ yìí ń ṣe kó tó rí pọ́ùn 48. Ọjọ́ tó kù nínú 45 yẹn kò sì tó nǹkan mọ́. Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, oorun pàápàá kò rí sùn, èmi ni mo ń bá a sáré ọ̀rọ̀ náà. Ṣé owó yìí ti lọ nìyẹn? Ta ló yẹ ká dojú kọ, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àbí ilé ìtajà? Ọkọ rẹ̀ tó wà ní Leeds ní òun fẹ́ kí báǹkì dá pọ́ùn 38 yẹn dúró títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ṣé kó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ọ̀yẹ́:

Àǹtí, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Ṣé kì í ṣe irú cashback tí OPay máa ń fún wa tá a bá ra káàdì nìyí? Tèmi kì í pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ ní kí wọ́n wo inú app dáadáa.

Ọmọ Ìkéré ní Leeds:

Àbúrò, ti OPay yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn, bó o bá ti ra káàdì tán, náírà díẹ̀ ti padà sápò rẹ. Ní UK níbí, oríṣi méjì ló wà lórí kọ́ńtíráàtì fóònù. Ọ̀kan wà tó máa ń wọ báǹkì ẹni fúnra rẹ̀. Èkejì ni èyí téèyàn gbọ́dọ̀ béèrè, redemption ni wọ́n ń pè é, òun ló wà lọ́wọ́ àbúrò Àǹtí Tíṣà.

Mo ti bá wọn ta fóònù níbí rí, mo mọ bó ṣe ń lọ. Dílà tó ta fóònù dà bí agbèrò ní gáréèjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni dẹ́rẹ́bà. Tí agbèrò bá pe èrò wọlé, dẹ́rẹ́bà á fún un lówó. Nínú owó yẹn ni dílà ti ń bu díẹ̀ fún oníbàárà kó lè fà á wá sọ́dọ̀. Èyí tí oníbàárà bá gbàgbé láti béèrè, ọwọ́ dílà ló ń kù sí. Nítorí náà, kò sí dílà tó máa sáré rán ẹnikẹ́ni létí.

Àǹtí Tíṣà, ẹ dákun, ẹ tètè pe ọkọ wọn kó má dá owó yẹn dúró. Mo bẹ̀ yín. Ìwé méjì ni wọ́n tọwọ́ bọ̀. Ọ̀kan wà láàárín àbúrò yín àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun ni pọ́ùn 38. Èkejì wà láàárín òun àti dílà, òun ni pọ́ùn 240. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Tí wọn kò bá rówó wọn gbà, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú credit file, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀, ọdún 6 ni irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ ń gbé níbẹ̀. Ọjọ́ tí tọkọtaya náà bá fẹ́ yá owó ra ilé, ó máa yọjú. Dílà náà á sì rí ohun tó fẹ́, torí ó sábà máa ń wà nínú ìwé wọn pé ẹni tó bá jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lówó ti pàdánù cashback rẹ̀.

Owó yín kò tíì lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ 45 kò tíì pé, ẹ tún un fi ránṣẹ́. Ẹ wọ àkáǹtì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ wa bíìlì náà jáde ní PDF, gbogbo ojú ewé rẹ̀ pátá. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ tí bíìlì jáde àti iye owó gbọ́dọ̀ hàn ketekete. Ẹ má fi screenshot ránṣẹ́ o, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá ìwé èèyàn padà. Kí ẹ wá fi ẹ̀rí pé ó kó lọ sí Leeds kún un: ímeèlì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi jẹ́rìí sí àdírẹ́sì tuntun, tàbí ìwé council tax (owó orí ilé tí wọ́n ń san fún ìjọba ìbílẹ̀) tó ní orúkọ rẹ̀. Ìlà méjì mẹ́ta tó fi sọ pé ẹnì kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ni, kọ́ńtíráàtì kan náà ni.

Atúnfóònùṣe Òkèṣà:

Ṣé wọ́n lè fi ránṣẹ́ láti Adó níbí? Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun pẹ́ lọ́nà gan-an.

Ọmọ Ìkéré ní Leeds:

Ẹ wo ohun tí ìwé dílà sọ, kí ẹ má yà kúrò lórí rẹ̀. Tó bá ní orí wẹ́ẹ́bù òun ni kí wọ́n ti gbé e sókè, inú pálọ̀ ní Ajílósùn ni wọ́n ti máa ṣe é. Tó bá ní ìwé ni òun fẹ́, kí ọkọ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde níbí, kó gbé e lọ sí Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, kó sanwó fún irú èyí tí ẹni tó gbà á máa tọwọ́ bọ̀wé, kó sì ya fọ́tò rìsíìtì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni dílà ti sọ fún pé ìwé wọn kò dé ọ̀dọ̀ òun. Rìsíìtì yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Alábòójútó:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yọ ẹnì kan kúrò níbí báyìí. Ó ní òun á bá Àǹtí Tíṣà gba owó náà, kí wọ́n fi password nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kóòdù tó bá wọlé sórí fóònù ránṣẹ́ sí òun ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá gba kóòdù yẹn lè gba nọ́ńbà fóònù mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́, kó sì ti ibẹ̀ wọ báǹkì rẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ pé èmi ni mo béèrè.

Màmá Ìjerò:

Tíṣà, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, ẹ pa data síìmù UK yẹn níbí, síìmù ilé ni kó máa lò. Bíìlì ọmọ mi tó wá ṣe Kérésì pẹ̀lú wa ga débi tó fi ń sunkún. Àmọ́ kó má yọ síìmù náà dànù, torí ibẹ̀ ni kóòdù báǹkì ń wọlé sí.

Èkejì, bó bá ń rò ó pé òun kò sí ní UK lásìkò yìí, kí òun sọ̀ kalẹ̀ sí owó tó kéré ju pọ́ùn 38, kó kọ́kọ́ ka ìwé dílà. Ẹni tó bá yí owó oṣooṣù rẹ̀ padà sábà máa ń pàdánù ohun tó kù.

Kí ìyá ọmọ sì jẹun dáadáa. Ẹ gún iyán fún un.

Agbẹjọ́rò Ìdó:

Mo gbóríyìn fún Ọmọ Ìkéré, ó ti sọ ojú abẹ níkòó. Mo fẹ́ fi ti òfin kún un, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ka másítà.

Láyé ọjọ́un, ìyà jẹ oníbàárà púpọ̀ lórí irú cashback yìí. Ìwé tó le koko, ọjọ́ tó kúrú, dílà tó kógbá sílé kí owó tó pé. Ìdí nìyẹn tí Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀, fi gbé òfin jáde ní 2009 pé kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí i pé ìlérí tí dílà wọn ń ṣe kò ní ìdíwọ́ tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ohun tí oníṣòwò bá kọ sínú ìwé tí kò bá bá ẹ̀tọ́ mu kò lè de oníbàárà. Lójú tèmi, kí dílà gbẹ́sẹ̀ lé owó èèyàn torí pé ó kó kúrò ní ilé kan bọ́ sí òmíràn, nígbà tí kò kọ ọ́ síbì kankan, kò lè dúró níwájú adájọ́.

Ofcom kì í dá ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan o, torí náà ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Tí dílà bá tún kọ̀, kí àbúrò yín kọ lẹ́tà sí i, kó sọ iye owó náà, ìdí tó fi tọ́ sí òun, àti ọjọ́ tí òun á gbé e lọ sí kóòtù bí kò bá san án. Ní England àti Wales, kóòtù kékeré wà fún gbèsè tí kò ju pọ́ùn 10,000 lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pè é, kò nílò lọ́yà. Ọdún 6 ló ní láti fi ṣe é, kò sí ìdí láti máa páyà. Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn níbẹ̀, á bá a wo lẹ́tà náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí dílà wọko gbèsè. Ní 2014, Phones 4u, ilé ìtajà ńlá, ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn àwọn olówó ńlá ni oníbàárà máa ń tò sí. Torí náà, ohun tó bá ti tọ́ sí i, kó gbà á kíákíá.

Tíṣà Ajílósùn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọkọ rẹ̀ ti gbà láti má dá owó náà dúró, owó oṣù ń lọ. A ti ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Orí wẹ́ẹ́bù ni wọ́n ní ká fi í ránṣẹ́ sí. Ó wà níbẹ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀kan bá bọ́, ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló bọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan rú wa lójú: bíìlì àkọ́kọ́ kò pé oṣù kan, owó ọjọ́ díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ṣé òun ni oṣù 1, àbí ti ẹ̀yìn rẹ̀?

Ọmọ Ìkéré ní Leeds:

Ẹ káre, Àǹtí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn dílà kan ń ka bíìlì àkọ́kọ́ bó ti wù kó kéré mọ, àwọn mìíràn ń kà á láti ọjọ́ tí síìmù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti oṣù 5 tí wọ́n ti san ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ wo bíìlì wo lẹ fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, kí ẹ ka bíìlì márùn-ún síwájú láti orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni oṣù 10, bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù 15 àti 20. Ti ìgbẹ̀yìn, mẹ́rin ni kí ẹ kà, kì í ṣe márùn-ún. Kí ẹ fi álààmù sórí fóònù ìyá ọmọ àti ti bàbá ọmọ, kó máa dún lọ́jọ́ tí bíìlì bá jáde, kó má jẹ́ ọjọ́ tí àyè fẹ́ tán.

Tíṣà Ajílósùn:

A kà á, ó bọ́ sí i rẹ́gí. A ti gbé bíìlì àti ìwé council tax sókè lálẹ́ àná. Ímeèlì wọlé pé wọ́n ti rí i, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn á dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Agbẹjọ́rò Ìdó:

Ẹ tọ́jú ímeèlì yẹn. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 10 bá kọjá tí wọn kò fọhùn, ẹ kàn sí mi níbí lójú gbogbo èèyàn, màá bá a kọ lẹ́tà náà, n kò ní gba kọ́bọ̀.