Ìbẹ́pẹ mi ń tanná lásán nínú ooru yìí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Iléṣà ni mo wà. Àwọn ìbẹ́pẹ mi tí òdòdó wọn ní akọ àti abo pọ̀ so dáadáa nígbà òjò. Láti ìgbà tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, òdòdó akọ tín-ín-rín nìkan ni wọ́n ń yọ, gbogbo rẹ̀ sì ń rẹ̀ dànù. Àwọn igi tó jẹ́ abo pátápátá ṣì ń so ní tiwọn! Mo ti ń bomi rin wọ́n, mo sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Wọ́n ní kí n gé wọn, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé ooru líle lè sọ irú igi bẹ́ẹ̀ di akọ fúngbà díẹ̀. Ṣé kí n dúró de òjò ni, àbí kí n gbin òmíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.