Technical college àbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá: ibo ló dáa kí ọmọ ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà?

Ìyá_Adúgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS 3, kò fẹ́ gbọ́ SS 1 sétí rárá, iṣẹ́ wẹ́dà ló lóun máa ṣe, látìgbà tó ti ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tó ń ṣe géètì nítòsí wa ni kò ti ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu mọ́. Èmi ò bínú sí i, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Mo ní kó lọ sí technical college, ọ̀kan ṣáà wà ní Ìdí-Àbà l'Abẹ́òkúta níbí, kó lè ní ìwé lọ́wọ́. Bàbá ẹ̀ ní ká má fi àkókò ọmọ ṣòfò, pé àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ò lè dá wíńdò kan ṣe, pé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kó yáa bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń dìjà nílé báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, èwo lẹ fara mọ́? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an, ṣé ó ṣì lè wọ poli tó bá yí ọkàn padà?

Kò_Sí_Wàhálà:
Ẹ gbọ́ ti bàbá ẹ̀ jàre. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Mo mọ ọ̀gá kan n'Íta-Òṣìn, kò kàwé kọjá pámárì, ó ti kọ́lé.

Ajórin_Agége:
Ilé kíkọ́ kọ́ la ń sọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lèmi náà ti kọ́ṣẹ́, mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù mi, torí náà mi ò ní bú ṣọ́ọ̀bù láéláé. Ọmọ tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ẹ̀ á yá, á mọ bí wọ́n ṣe ń wọn géètì, á mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà ná an, á mọ ẹni tó ń ta paipu tó ki àti ẹni tó ń ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lówó kan náà. Ìyẹn ò sí ní kíláàsì. Àmọ́ ẹ bi ọmọṣẹ́ ibẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ electrode (ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jó irin) géèjì 12 ló ń lò síbí tí kì í ṣe géèjì 10, á ní bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Electrode oríṣi 6013 ni wọ́n ń lò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Wọ́n á ya páálí ẹ̀, wọ́n á jù ú sórí tábìlì, òjò ń rọ̀, òtútù ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó bìkítà. Fún géètì, kò burú. Tó bá wá di paipu epo, táǹkì ńlá, afárá, oríṣi 7018 ni wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ lò, ìyẹn ò sì gbọdọ̀ fa omi rárá, inú ààrò kékeré kan tó gbóná tó 120°C ni wọ́n ń kó o sí, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò lẹ máa mú jáde, torí omi tó bá wà lára ẹ̀ á di háídírójìn, á wọnú irin, ibi tẹ́ ẹ jó yẹn á dán lójú lónìí, tó bá dọ̀la ó lè là fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá tó ń ṣe bọ́gíláárì ò ní kọ́ ọmọ nìyẹn, òun náà ò nílò ẹ̀.

Owó gidi sì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní coded welder, àwọn tó yege ìdánwò tí wọ́n ń pè ní 6G. Wọ́n á de paipu ní dídagẹ̀rẹ̀, dígírì 45, kò ní yí, ìwọ lo máa yí i ká, wàá jó o látìsàlẹ̀ dókè, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gé e sí pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ di lẹ́tà U kí wọ́n wò ó bóyá ó máa là, àbí kí wọ́n fi x-ray wò ó. Ìwé ò lè bá ẹnikẹ́ni jó ìyẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè ka ohun tí wọ́n kọ, ta ló máa pè é wá síbi tí wọ́n ti ń dán an wò?

Tíṣà_Wọ́kṣọ́ọ̀bù:
Mo ń kọ́ wọn ní technical college, kì í ṣe ní Ògùn. Ọdún mẹ́ta ni lẹ́yìn JSS 3. NABTEB ló ń ṣe ìdánwò ẹ̀, NTC ni sátífíkéètì ibẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n á ṣe English, math, physics, technical drawing mọ́ jíjó irin. Tí kírẹ́díìtì ẹ̀ bá pé, á kọ JAMB, á wọ poli, àní yunifásítì pàápàá, wọ́n ń gba NABTEB. Ẹ tún sọ fún bàbá ẹ̀ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà lè lọ ṣe Trade Test ti Ministry of Labour, Grade 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ wá sí 1.

Bàbá ẹ̀ ò sì parọ́ tán o. Electrode àti iná ló wọ́n wa. Ibòmíì wà tí kíláàsì odidi máa yí máṣíìnì kan ká, tíṣà á jó o, wọ́n á wò ó, táámù tán. Ohun tí àwọn ọmọ wá ń fojú pa rẹ́ jù ni drawing, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó wà. Wọ́n á fa ìlà kan, wọ́n á fi ọfà tọ́ka síbi tẹ́ ẹ máa jó. Tí àmì jíjó bá wà lábẹ́ ìlà, ẹ̀gbẹ́ tí ọfà dojú kọ ni, tó bá wà lókè ìlà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Mo mọ ọkùnrin kan tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ló jó, wọ́n ní kó gé gbogbo ẹ̀ dànù, kó tún un ṣe lówó ara ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ́ ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ tábìlì. Tẹ́ ẹ bá rí kùkùté electrode àti èépá tí wọ́n fi òòlù gbá kúrò lára irin, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí máṣíìnì ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ìyá_Adúgbò:
Haa, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Ojú ọmọ yìí ló tún ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá onígéètì yẹn ní gíláàsì dúdú tí wọ́n ń tà lójú títì ti tó, àti pé kó ṣáà máa mu mílíìkì torí èéfín.

Ẹ̀gbá_ní_Houston:
Rárá o mà! Kí wọ́n ra ìbojú wẹ́dà fún un, èyí tó bo ojú tó bo ọ̀fun, kí gíláàsì ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11. Iná yẹn kì í dunni lójú ẹsẹ̀, òru ló ń dé, á dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sójú ẹ̀. Kó wọ ẹ̀wù alápá gígùn náà, torí iná yẹn ń jó awọ ara.

Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó burú ni irin tí wọ́n fi síńkì bò, tí wọ́n bá jó o èéfín funfun ló ń yọ, tó bá di alẹ́ ara á gbóná, òtútù á mú un, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà fún un. Kó fi gíráíńdà ha síńkì yẹn kúrò kó tó jó o, kó ṣe é síta, kó má sì gbórí sókè èéfín.

Ẹni tó bá sì ń ronú òkè òkun: níbí, wọ́n á ní kó o jó o lójú àwọn ni. Ìdánwò AWS D1.1, ti ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà Amẹ́ríkà, ni mo ṣe, kò sẹ́ni tó bi mí pé ilé ìwé wo ni mo lọ. Tó o bá wá lo oṣù mẹ́fà láìfi ọ̀nà yẹn jó irin, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, wàá tún un ṣe. Àmọ́ wọ́n á fi ìwé kan lé ẹ lọ́wọ́, WPS, iye ampere, irú electrode, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ lè kà á.

Kò_Sí_Wàhálà:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá wà nílé ìwé fún ọdún mẹ́ta, ìgbà wo lọwọ́ ẹ̀ máa yá?

Ajórin_Agége:
Họ́lídè ńkọ́? Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá kan báyìí, ẹ ní ọmọ iléèwé ni, họ́lídè nìkan láá máa wá. Á fẹ́ gba owó ọmọṣẹ́ odidi lọ́wọ́ yín, ẹ má gbà, ẹ ná an, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó má sì jẹ́ onígéètì o, ẹ wá ẹni tó ń ṣe táǹkì epo tàbí ẹ̀yìn tírélà, irin wọn nípọn. Tó bá gba NTC tán tó ṣì ń wù ú, ẹ bèèrè PTI, ilé ìwé iṣẹ́ epo rọ̀bì tó wà ní Effurun, ibẹ̀ ní ẹ̀ka tó wà fún iṣẹ́ wẹ́dà.