Owó góòlù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: èló ló ń kan káńsù wa?

Ọmọ_Ìjọ̀kà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Iléṣà. Mo lọ sábúlé bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n ò ní dárúkọ ẹ̀, odò tá a máa ń mu nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti pupa bí ẹrẹ̀, àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́ etídò títí wọ inú oko kòkó, ọ̀nà ti bàjẹ́ débi pé ọ̀kadà gan-an ń bẹ̀rù ẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Wọ́n ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayé òyìnbó, Ìtagùnmọ́dì, Igun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ní 2021 iléeṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ níbi ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní Ṣégilọlá. Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí ẹ̀ ni? Èló ni wọ́n ń fún káńsù tí góòlù ti jáde?

Bàbá_Òkèsà
Àbúrò, mo ṣiṣẹ́ níbi ìṣirò owó ní káńsù kan títí mo fi fẹ̀yìn tì, jẹ́ n ṣàlàyé. Ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń gbà á. Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, torí náà Àbújá ni rọ́yátì, ìyẹn owó táwọn awakùsà ń san lórí ohun tí wọ́n bá wà, ń lọ. Tó bá ti wọ àpò àjọni tí Àbújá, ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ń pín, wọ́n á kọ́kọ́ yọ pásẹ́ǹtì 13, ó kéré tán, fún ìpínlẹ̀ tí nǹkan náà ti jáde, bó ti wà nínú abala 162 nìyẹn, epo nìkan kọ́ ló wà fún. Wọ́n á wá pín ìyókù ní pásẹ́ǹtì: Àbújá 52.68, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72, káńsù 20.60. Ibi tó dùn mí jù rèé: 20.60 yẹn, gbogbo káńsù 774 ló ń pín in, iye èèyàn àti irú ẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn ò bi ẹ́ bóyá góòlù ń jáde lọ́dọ̀ ẹ. Pásẹ́ǹtì 13 náà, ìpínlẹ̀ lòfin dárúkọ, kò sọ pé iye báyìí gbọ́dọ̀ dé káńsù tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Ifẹ̀
Ẹ ṣé bàbá. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní July 2024 ńkọ́, kò kàn án ni?

Bàbá_Òkèsà
Ìyẹn dá lórí ìpín káńsù fúnra ẹ̀, pé kí gómìnà má jókòó lé e mọ́, kó máa lọ tààrà. Kò fọwọ́ kan 13 yẹn rárá.

Adé_Denver
Mò ń gbé ní Colorado l'Amẹ́ríkà níbí, ọmọ Ìmọ̀ n'Iléṣà ni mí. Ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń gba owó orí ohun tí wọ́n bá wà nínú ilẹ̀, ìdajì ń lọ sí ìtọ́jú ohun àlùmọ́ọ́nì àti omi, ìdajì tó kù wà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Nínú ìdajì yẹn, 70 nínú 100 ni wọ́n máa ń kọ̀wé béèrè fún, fún títì, omi àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, 30 ń lọ tààrà, wọ́n á wo ibi táwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà ń gbé àti iye ohun tó jáde níbẹ̀. Kò pé o, tí owó epo àti gáàsì bá já wálẹ̀, owó yẹn náà á já. Àmọ́ ó wà lákọọ́lẹ̀, èèyàn lè bá wọn ṣírò ẹ̀. Ilé aṣòfin wa l'Óṣogbo lè ṣòfin pé ìdá báyìí nínú 13 gbọ́dọ̀ dé káńsù tí wọ́n ti ń wa nǹkan.

Ìyá_Àtàkúmọ̀sà
Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá dúró de òfin tuntun ó máa pẹ́. Òfin ìwakùsà ti 2007, abala 116, sọ pé kí ẹni tó bá gba líìsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwakùsà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà níbẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ilé ìwé, omi, ọ̀nà, ìlera, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún 5-5. Èyí tí wọ́n bá bọwọ́ lù ní 2021, ìgbà àtúnyẹ̀wò ẹ̀ ti tó. Ẹ lọ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ baálẹ̀ yín, kẹ́ ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú, àwọn obìnrin náà o, torí àwa la ń ponmi.

Ọmọ_Ìjọ̀kà
Ẹ ṣé gan-an mà. Àwọn tó ń gbẹ́ etídò wa ò jọ ẹni tó ní líìsì rárá, ìyẹn á jẹ́ pé a ò tiẹ̀ ní ìwé kankan tá a máa dì mú. Mò ń padà lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la máa kọ́kọ́ yà. Bàbá Òkèsà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta la máa kọ lẹ́tà sí nípa àwọn tí ò ní líìsì?