Báwo ni Theodore Roosevelt ṣe rí ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dáàbò bò?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Láàárín 1901 sí 1909 tí Theodore Roosevelt fi jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 230 éékà ni ó fi sábẹ́ ààbò ìjọba. Ohun tí kò yé mi ni bí ó ṣe rí i ṣe lójú àwọn onígẹdú, àwọn awakùsà àti ọ̀pọ̀ aṣòfin tí inú wọn kò dùn sí i. Ṣé àwọn aṣòfin ni wọ́n yọ̀ǹda fún un ni?

Ìdáhùn kìíní
Wọn kò yọ̀ǹda o. Òfin 1891 ti fún ààrẹ láṣẹ láti sọ ilẹ̀ ìjọba di igbó ọba, Roosevelt sì lo àṣẹ náà ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di 1907, àwọn aṣòfin ki gbólóhùn kan bọ inú òfin ìnáwó ètò ọ̀gbìn, pé ààrẹ kò gbọdọ̀ dá igbó ọba tuntun sílẹ̀ mọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Kò lè kọ òfin náà, nítorí pé owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù kí ó fọwọ́ sí i, òun àti Gifford Pinchot, olórí iléeṣẹ́ igbó, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ya máàpù tọ̀sán-tòru. Kí òfin àwọn aṣòfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, mílíọ̀nù 16 éékà ti di igbó ọba.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n òfin nìkan. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ náà dénú. Ní 1884, ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kú ní ọjọ́ kan náà, ó sì gba agbègbè Dakota ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lọ, ó ń sin màlúù níbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn ẹfọ̀n ilẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù karùn-ún 1903, ó sun òru mẹ́ta nínú igbó Yosemite ní California pẹ̀lú John Muir, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ààbò igbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, yìnyín ti bo aṣọ tí wọ́n fi bora, inú ààrẹ sì ń dùn bí ọmọdé.

Ìdáhùn kẹta
Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ilẹ̀ wọ̀nyẹn ní onílẹ̀. Ní Grand Canyon, àfonífojì ńlá kan ní Arizona tí ó dáàbò bò ní 1908, àwọn Havasupai, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń dọdẹ níbẹ̀ láti ìrandíran. Éékà 518 péré ni ìjọba fi sílẹ̀ fún wọn ní 1882, ààbò tuntun náà kò sì dá ìyókù padà fún wọn. Ó di 1975 kí wọ́n tó rí nǹkan bí éékà 185,000 gbà padà.